Láti inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Redfern: bí ìtọ́jú àlàáfíà ẹbí ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn Aboriginal

Oṣù Keje ọdún 1971 ni àwọn Aboriginal tó ń gbé ní Redfern, àdúgbò kan nílùú Sydney, sọ ṣọ́ọ̀bù kan di ilé ìwòsàn. Àwọn Aboriginal ni ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló ń sá fún ọsibítù nítorí ìwọ̀sí tí wọ́n ń rí níbẹ̀ àti owó tí wọn ò ní. Àwọn dókítà tó yọ̀ǹda ara wọn ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Fred Hollows, oníṣègùn ojú, wà lára àwọn tó bá wọn dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Shirley Smith, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Mum Shirl, obìnrin tó ti máa ń lọ bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò tipẹ́. Oògùn ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ibòmíì, àwọn tó ń darí ibẹ̀ ló yàtọ̀: ará àdúgbò fúnra wọn ló wà nínú ìgbìmọ̀. Nígbà tó fi máa di 1973, irú rẹ̀ ti wà ní Fitzroy ní Melbourne, kò sì pẹ́ sígbà náà tó fi dé Alice Springs, ìlú kan láàárín gbùngbùn Ọsirélíà.

Ẹni tó bá wá tọ́jú ikọ́ níbẹ̀ á sọ ti ilé tí wọ́n fẹ́ lé e kúrò nínú rẹ̀, á sì sọ ti ọmọ tí wọ́n mú lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni gbòǹgbò gbogbo rẹ̀. Ìjọba àti àwọn míṣọ́nnárì ti ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn Aboriginal, wọ́n ń kó wọn sí ilé àwọn aláìlóbìí tàbí kí wọ́n fi wọ́n fún òyìnbó tọ́. Ìwádìí tí Ronald Wilson àti Mick Dodson darí, tó jáde ní 1997, fi hàn pé láti 1910 sí 1970, ó kéré tán ọmọ kan nínú mẹ́wàá ni wọ́n mú lọ, ó sì lè tó ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ìran Tí Wọ́n Jí Gbé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ṣáájú ìyẹn, láti 1987 sí 1991, ìgbìmọ̀ mìíràn ti yẹ ikú àwọn Aboriginal 99 tó kú sí àtìmọ́lé wò. Mẹ́tàlélógójì nínú wọn ni wọ́n ti yà nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹbí wọn lọ́mọdé.

Ọdún 1989 ni ìlànà ìlera orílẹ̀-èdè fún àwọn Aboriginal wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlera kọjá ara ẹnì kan ṣoṣo, pé ó kan ọkàn, àṣà àti ìgbé-ayé gbogbo àwùjọ, àti pé ìyè, ikú àti ìyè ń yí po ni. Ẹni tó bá ń gbọ́ Yorùbá ò ní pẹ́ lóye èyí: tí a bá bi ara wa pé "Ṣé àlàáfíà ni?", ilé, ọ̀nà àti ọmọ wà nínú ìbéèrè náà. Ní 1995, Pat Swan àti Beverley Raphael gbé ìròyìn kan kalẹ̀ lórí ìlera ọpọlọ àwọn Aboriginal, wọ́n sì fi ìlànà mẹ́sàn-án tì í. Lára rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wọn darí ìtọ́jú wọn.

Àmọ́ ní Adelaide, ìlú kan ní gúúsù Ọsirélíà, àwọn kan ò dúró de ìròyìn kankan. Ní 1993, àwọn Aboriginal kan níbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ọmọ gbígbà ti bá fínra, ṣètò ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Family Wellbeing, ìyẹn Àlàáfíà Ẹbí. Ìpele mẹ́rin ló ní, ìpele karùn-ún sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ di olùdarí. Wọ́n á jókòó yí po. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni àdéhùn: ẹgbẹ́ á jọ sọ ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sórí ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ohun tá a bá sọ níbí, ibí ló máa wà. Ẹnì kan ò ní já lu ọ̀rọ̀ ẹnì kejì. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó sọ̀rọ̀ lórí ìwà rere tó wà nínú kálukú, àti ohun mẹ́rin tí èèyàn nílò: ti ara, ti ìmọ̀lára, ti ọpọlọ, ti ẹ̀mí. Bàbá tó máa ń bínú fọ́ nǹkan nílé á wá máa wo èyí tó sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ àti àdánù ò gbọ́dọ̀ ṣáájú, torí ẹni tí kò tíì fọkàn tán àwọn tó jókòó tì í ò ní ṣí ọgbẹ́ rẹ̀ hàn wọ́n. Tó bá sì ṣí i lọ́jọ́ kìíní, ó ṣeé ṣe kó má padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí àjèjì ti máa ń ṣì í nìyí. Ní ọ̀pọ̀ àwùjọ Aboriginal, wọn kì í dárúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, wọn kì í sì í gbé fọ́tò rẹ̀ síta. Tí òkú bá ṣubú, gbogbo ìlú á dáwọ́ dúró fún ọ̀fọ̀. Olùdarí tó bá rin kinkin mọ́ déètì tó wà nínú ìwé rẹ̀ á bá àga lásán. Ìṣòro kejì ni owó. Tí ìjọba bá fọwọ́ sí owó ọdún kan péré, òṣìṣẹ́ á lọ nígbà tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó bá rọ́pò rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ látorí òdo.

Ọmọ Ghana kan, Komla Tsey, wà lára àwọn olùwádìí tó yẹ ètò náà wò ní Alice Springs, tí wọ́n sì bá a dé apá àríwá ìpínlẹ̀ Queensland. Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ sọ pé agbára àwọn láti darí ayé àwọn pọ̀ sí i. Ní Yarrabah nítòsí Cairns, ìlú tó bẹ̀rẹ̀ bíi míṣọ̀n, tí ìpara-ẹni sì ti kó ìbànújẹ́ bá nígbà kan, àwọn ará ìlú gba ètò náà mọ́ra, wọ́n sì mú un mọ́ iṣẹ́ ilé ìwòsàn tiwọn, Gurriny Yealamucka.

Ìwádìí 1997 yẹn náà ló jẹ́ kí ìjọba san owó àwọn olùgbaninímọ̀ràn fún Ìran Tí Wọ́n Jí Gbé nínú àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí. Wọ́n ń bá Link-Up ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ tí Coral Edwards àti Peter Read dá sílẹ̀ ní New South Wales ní 1980 láti wá ẹbí àwọn tí wọ́n mú lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ wá fáìlì onítọ̀hún níbi tí ìjọba tàbí ṣọ́ọ̀ṣì kó ìwé sí. Ó lè pẹ́, torí wọ́n ti lè yí orúkọ ọmọ padà. Òṣìṣẹ́ kì í fi fáìlì ránṣẹ́ ní póòsì kó sì lọ. Ó máa ń jókòó ti ẹni náà tó bá ń kà á, nítorí pé ọ̀rọ̀ èébú tí àwọn aláṣẹ kọ nípa ìyá rẹ̀ lè wà nínú rẹ̀, tàbí lẹ́tà tí ìyá náà kọ láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ọmọ òun padà. Òṣìṣẹ́ á tún lọ múra ẹbí tó wà nílé sílẹ̀ kí wọ́n tó pàdé. Nígbà míì, ìyá á ti kú kí ọmọ tó dé. Wọ́n á wá mú un lọ síbi ibojì, àwọn àbúrò tí kò mọ̀ rí á dúró tì í, òṣìṣẹ́ náà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.