Gẹ́ẹ̀mù Olówó Oṣù àbí Gẹ́ẹ̀mù Ọ̀fẹ́: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Ibi Tí Ìsọ̀ Wọn Wà

Ọ̀sán Sátidé kan ni bàbá kan pè wá. Ọdún kẹta mi nìyẹn lórí tábìlì àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó ní ilé-iṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù kan nílẹ̀ Britain. Ohùn rẹ̀ tutù, irú ohùn ẹni tó ti bínú tán kó tó gbé fóònù. Ó ní ẹnì kan ti jí káàdì òun ná. Mo ṣí àkáǹtì náà, mo rí £7.99, £7.99, £7.99, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, láàárín aago méjì sí aago mẹ́rin. Kò sí olè níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wá ẹṣin funfun kan. £87.89 ló bá a lọ, ẹṣin kò sì jáde.

Gẹ́ẹ̀mù náà, ọ̀fẹ́ ni.

Láti ìgbà tí mo ti kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé, ọ̀rẹ́ àti ọmọ ọ̀rẹ́ ń bi mí. Nínú àwọn gẹ́ẹ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn jọ ń gbé nínú ayé kan, tí kálukú ti di jagunjagun, oṣó tàbí ọdẹ, ṣé èyí tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù ló dára ni, àbí èyí tí kò ní owó oṣù? Ẹni tó ń béèrè ti máa ń ní ìdáhùn sínú. Ó ti rí i pé òdo kéré ju $14.99 lóṣù lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ owó ẹnu ọ̀nà nìkan nìyẹn.

Ohun tí èmi máa ń wò ni ibi tí ìsọ̀ wọn wà, àti ohun tó wà lórí àtẹ. Ẹni tó ń gbowó oṣù dà bí onílé: kí ẹ ṣáà má kó jáde ni tirẹ̀. Èyí tó ní ọ̀fẹ́ ni kò gba owó ilé lóòótọ́, àmọ́ òun ló ń ta omi, òun ló ń ta iná, òun náà ló ń ta kọ́kọ́rọ́ bálùwẹ̀.

Owó oṣù ló kọ́kọ́ wà. Nígbà tí Ultima Online jáde ní 1997, tí EverQuest tẹ̀ lé e ní 1999, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bọ́ sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí ayé gẹ́ẹ̀mù wà lórí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. World of Warcraft dé ní oṣù Kọkànlá 2004 pẹ̀lú $14.99 lóṣù, nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá 2010, àwọn tó ń sanwó fún un ti lé ní mílíọ̀nù 12. Ni gbogbo ẹni tó ń kọ́ gẹ́ẹ̀mù bá sọ $14.99 di owó ìlú. Ọjà kò gbà fún wọn. The Lord of the Rings Online di ọ̀fẹ́ ní 2010. Star Wars: The Old Republic jáde ní oṣù Kejìlá 2011, kò pé ọdún kan tó fi ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé. The Elder Scrolls Online fara da owó oṣù láti oṣù Kẹrin 2014 dé oṣù Kẹta 2015. WildStar ni mo káàánú jù: ó jáde ní 2014, ó di ọ̀fẹ́ ní 2015, wọ́n tì í pa pátápátá ní 2018. Nítorí náà, tí gẹ́ẹ̀mù olówó oṣù tuntun bá jáde, ẹ má sáré ra á lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ fún un ní ọdún kan. Bí kò bá tíì di ọ̀fẹ́ nígbà yẹn, á jẹ́ pé ó ní ohun tó fi ń dá èèyàn dúró.

Ta ló wá ń bọ́ gẹ́ẹ̀mù ọ̀fẹ́? Nídìí iṣẹ́ wa, orúkọ ẹranko tó tóbi jù nínú òkun ni àwọn òyìnbó fi ń pe ẹni tó ń náwó gidi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ẹ̀rín pa mí, torí Yorùbá ti sọ ọ́ tán: àbùùbùtán. Ẹ bù ú, ẹ tún bù ú, kò tán. Èèyàn díẹ̀ báyìí ló ń gbọ́ bùkátà gbogbo ilé. Àwọn yòókù tí kì í san kọ́bọ̀ ló ń mú kí ìlú kún, kí àbùùbùtán lè rí ẹni tó máa wo ẹṣin òun. Tí ẹ bá ń ṣe gẹ́ẹ̀mù ọ̀fẹ́ láìnáwó, ẹ má rò pé ẹ ń rẹ́ wọn jẹ. Èrò ọjà ni yín, ọjà tí kò ní èrò kò sì ní pa owó.

Ìsọ̀ tó ń ta aṣọ, fìlà àti àwọ̀ ẹṣin, èmi kò bá a jà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe fàájì, kó ṣe é. Ìsọ̀ tó ń ta ìtura ni kí ẹ sá fún, torí ẹni tó ń ta ìtura ló kọ́kọ́ dá ìnira sílẹ̀. Nígbà tí Star Wars: The Old Republic ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀fẹ́, ìlà bọ́tìnnì méjì péré ni ẹni tí kò sanwó ní lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti fi pàṣẹ fún jagunjagun rẹ̀. Ìlà tó kù, títà ni. Idà wà lọ́wọ́ yín, ẹ sì mọ̀ ọ́n jù, àmọ́ ẹ ní láti ra ìka tí ẹ ó fi dì í mú! Àwọn èèyàn bú wọn débi tí wọ́n fi dẹwọ́ nígbà tó yá.

The Elder Scrolls Online fọgbọ́n ṣe tirẹ̀. Ẹ ra gẹ́ẹ̀mù náà lẹ́ẹ̀kan, kò sí owó oṣù. Àmọ́ gbogbo igi, irin, ewé, awọ àti òdòdó tí ẹ bá ṣà lójú ọ̀nà, inú àpò kan náà tí idà àti ẹ̀wù yín wà ni wọ́n ń lọ. Kò pẹ́, àpò kún. Ẹ ó dúró sójú títì, ẹ ó máa rò ó bóyá ewé ni kí ẹ jù nù àbí bàtà. Ẹni tó bá fínnúfíndọ̀ san owó oṣù tí wọ́n ń pè ní ESO Plus ní àpò mìíràn fún ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́, tí kì í kún láéláé. Tó bá dáwọ́ owó dúró, ẹrù inú àpò náà ṣì jẹ́ tirẹ̀: ó lè mú un jáde, kò kàn lè fi tuntun sí i ni. Mo kan sáárá sí ẹni tó ronú kan èyí, inú sì ń bí mi sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ ẹlẹ́ṣin. Nínú gẹ́ẹ̀mù tirẹ̀, wọn kì í gba pọ́n-ùn. Òkúta oníyebíye ni wọ́n ń ná, £7.99 sì ń ra òkúta 1,000. Àpótí oríire kan, tí ẹṣin lè wà nínú rẹ̀ tàbí kó má sí, jẹ́ òkúta 700. Ọmọ náà ra 1,000, ó ṣí àpótí kan, 300 kù. Kò ṣeé lò fún nǹkan kan. Ó tún ra 1,000, ó ṣí ọ̀kan, 600 kù. Ó ku 100 péré kó tó àpótí mìíràn! Ta ni yóò dìde níbẹ̀? Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ó ti ṣí àpótí 15, òkúta 500 ṣì wà nílẹ̀ fún un. Kò sí àṣìṣe nínú ìṣirò yẹn. Ẹnì kan jókòó, ó yan 700, kí ṣẹ́ńjì má baà tán lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá rí gẹ́ẹ̀mù tí iye ohun tó ń tà kò bá iye òkúta tó ń tà dọ́gba, ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá.

Àpótí yẹn pàápàá, ẹ kò mọ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2024, àjọ tó ń rí sí ìdíje òwò ní Gúúsù Kòríà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 11.6 won, owó ilẹ̀ Kòríà, lé ilé-iṣẹ́ Nexon lórí nítorí gẹ́ẹ̀mù rẹ̀, MapleStory. Nexon ti dín àǹfààní àti rí ohun tí àwọn èèyàn ń wá nínú àpótí kù, wọ́n tilẹ̀ sọ ti òmíràn di òdo, wọn kò sì wí fún oníbàárà. Àwọn èèyàn ń ta tẹ́tẹ́ lórí nọ́ńbà tí kò sí nínú igbá. Oṣù Kẹta ọdún yẹn ni òfin bẹ̀rẹ̀ sí í mú kí ilé-iṣẹ́ gẹ́ẹ̀mù ní Kòríà kọ àǹfààní náà síta. Ní ti Bẹ́ljíọ̀mù, tẹ́tẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń pe irú àpótí tí wọ́n ń fi owó rà bẹ́ẹ̀ láti 2018.

Ẹ má rò pé mo ń polówó fún àwọn olówó oṣù o. Àwọn náà ní ìdẹ tiwọn. Nínú Final Fantasy XIV, ẹ lè ra ilé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n bí ilẹ̀ etí òkun l'Ékòó. Àmọ́ tí onílé kò bá wọ ilé rẹ̀ fún ọjọ́ 45, wọ́n á wó o. Ẹni tí kò san owó oṣù kò sì lè wọlé. Mo mọ ìyá ọlọ́mọ kan tó bímọ tán tí kò ráàyè gẹ́ẹ̀mù fún oṣù márùn-ún. Kò dáwọ́ owó dúró. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, á wọlé, á tan àtùpà, á wo àga àti tábìlì tó tò, á jáde. Owó ọlọ́dẹ ló ń san. World of Warcraft ní tirẹ̀ máa ń mú ayé tuntun jáde ní bí ọdún méjì-méjì. Láti 2018, owó oṣù ti kó àwọn ayé àtijọ́ pọ̀, àmọ́ èyí tó tuntun jù, ẹ ó rà á lọ́tọ̀. Idà tí ẹ fi ọdún kan wá kiri yóò sì di irin lásán lọ́sẹ̀ tí ayé tuntun bá dé.

Ìṣirò tí mo máa ń bá àwọn èèyàn ṣe kò le. Wákàtí mélòó lẹ lè jókòó lóṣù, lóòótọ́, kì í ṣe ti ìfẹ́ ọkàn? Ẹni tó ń ṣe 40 wákàtí ń fi bíi sẹ́ǹtì 37 ra wákàtí kan nínú $14.99. Ìyẹn pọ́ọ́kú ni. Ẹni tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ ń ra tirẹ̀ ní nǹkan bíi $3.75. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, Guild Wars 2 ni mo máa ń darí rẹ̀ sí. Ó jáde ní 2012, ìpele 80 ni òpin ibi tí jagunjagun yín lè dàgbà dé nígbà náà, 80 náà ló ṣì jẹ́. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́ láti 2015, àwọn àfikún rẹ̀ sì ni ẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè lọ fún oṣù mẹ́fà, ẹ padà, ohun ìjà yín ṣì mú. Ìsọ̀ wọn ń ta aṣọ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè àpò wà lórí àtẹ náà, kí n má purọ́.

Ti ẹni tó wà nílé ní Nàìjíríà tún yàtọ̀, torí dọ́là ni owó oṣù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì, $14.99 kò sì tó ₦7,500. Lẹ́yìn ọdún kan, dọ́là ti kọjá ₦1,400, owó oṣù kan náà ti lé ní ₦20,000. Gẹ́ẹ̀mù kò yí padà, onígẹ́ẹ̀mù kò fowó kún un. Ẹ fi ọ̀nà jíjìn kún un pẹ̀lú: sáfà àwọn gẹ́ẹ̀mù tí mo ń sọ yìí jìnnà sí wa, àṣẹ yín sì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó débẹ̀. Nítorí náà, gẹ́ẹ̀mù tí kò kánjú ló yẹ wá. Old School RuneScape ń ka ìgbésẹ̀ ní ìdá 0.6 ìṣẹ́jú-àáyá, kò sì ní mọ̀ pé ẹ jìnnà. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, apá ọ̀fẹ́ rẹ̀ sì tó fi tọ́ ọ wò dáadáa. Nínú Final Fantasy XIV, ìkọlù pàtàkì ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 2.5 kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Òun náà ṣeé ṣe, tí dátà yín bá lè gbé e wálẹ̀, torí ó lé ní gígábáìtì 50.

Final Fantasy XIV yìí ni mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn gbà. Ìtọ́wò ọ̀fẹ́ wọn kò ní gbèdéke ọjọ́: gẹ́ẹ̀mù ìpìlẹ̀ pẹ̀lú àfikún méjì, dé ìpele 70. Wọ́n so yín lọ́wọ́ díẹ̀. Owó inú gẹ́ẹ̀mù yín kò lè kọjá 300,000, ẹ kò lè ra ọjà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ yín lórí pátákó ọjà, ẹ kò lè wọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń ta okùn yẹn ní díẹ̀díẹ̀ fún yín. Ohun kan ṣoṣo tí mo kìlọ̀ fún un ni pé ọjọ́ tó bá sanwó sórí àkáǹtì náà, kò sí pípadà sí ọ̀fẹ́ mọ́.

Ó ti ń lọ sí oṣù kẹjọ. Lánàá ó pè mí.

“Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti dé ìpele 61. Mo fẹ́ sanwó.”

Mo bi í pé kí ló dé.

“Mo rí ilé kan létí òkun.”

Mo rán an létí ọjọ́ 45, mo sì bi í pé ta ni yóò máa san owó ọlọ́dẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ̀yin kò fẹ́ ní ilé létí òkun ni?”