Alárinà Tó Wà Nínú Oko Kòkó

Ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ẹni tó bá wọ oko kòkó lójú ọ̀nà Ìdànrè tó sì fẹ́ rí òdòdó, kó má wòkè. Ara igi ni kó wò. Ibẹ̀ ni òdòdó kòkó ti ń yọ, lára èèpo ìdí igi àti àwọn ẹ̀ka ńlá, lójú ibi wíwú kan náà tó ti so èso lọ́dún tó kọjá. Kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ, ó funfun, ó sì pọ́n díẹ̀díẹ̀ láàárín. Ẹni tó ń kánjú lọ kórè lè fi èjìká nù ún dànù láìmọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òdòdó yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í là, yóò sì là tán láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá kọjá lẹ́yìn náà tí akọ kò dé ọ̀dọ̀ abo, yóò já bọ́. Igi kan tó dàgbà lè yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún òdòdó lọ́dún, ṣùgbọ́n nínú 100, kì í sábà tó 5 tó ń di kòkó. Àgbẹ̀ tó bá rí ilẹ̀ oko rẹ̀ tó kún fún òdòdó jíjábọ́ a ní ẹ̀fúùfù ni, tàbí kó ní ilẹ̀ ti ṣá. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, alárinà ni kò wá.

Igi kò lẹ́sẹ̀ tó fi lè lọ tọrọ ìyàwó. Nínú òdòdó, abo ni ọ̀pá kékeré tó wà láàárín gbùngbùn, ilé ọmọ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ẹyin tín-ín-tìn-tín bí 40 nínú. Akọ ni fọ́nrán márùn-ún tó ru ìyẹ̀fun kan lórí, ìyẹ̀fun tó kúnná bí àtíkè. Ẹyin kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ hóró àtíkè tirẹ̀ kó tó lè di kóró kòkó. Èyí ló fà á tí a fi ń fọ́ kòkó kan tí kóró kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, tí a sì ń fọ́ òmíràn tí kò ní ju díẹ̀ lọ: àtíkè tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni kò tó.

Ẹ ó ní, ṣebí inú òdòdó kan náà ni akọ àti abo ń gbé, kí ló wá le níbẹ̀? Òdòdó kòkó fi ara rẹ̀ pamọ́ ni. Ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan ká bí àpò lé akọ lórí. Fọ́nrán márùn-ún mìíràn tí kò ní àtíkè kankan sì dúró yí abo ká bí ọgbà. Afẹ́fẹ́ kò rí àtíkè yẹn gbé, nítorí ó lẹ̀ mọ́ra. Oyin tóbi ju ẹnu ọ̀nà lọ. Èyí tó tún le jù ni pé ọ̀pọ̀ igi kòkó kì í gba àtíkè ara wọn. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń wádìí ìdílé kí wọ́n má baà fẹ́ ìbátan fún ìbátan, bẹ́ẹ̀ náà ni igi ń mọ àtíkè tirẹ̀, tí yóò sì kọ̀ ọ́. Láti ara igi mìíràn ló ti gbọ́dọ̀ wá.

Alárinà tó lè ṣe gbogbo wàhálà yìí ni irú kantíkantí kan tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà 1 sí 3 lọ. Yóò rá wọ inú àpò yẹn, àtíkè yóò lẹ̀ mọ́ irun ẹ̀yìn rẹ̀, yóò sì fò lọ sínú òdòdó mìíràn. Kì í fò jìnnà, nítorí náà nínú oko gan-an ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Inú ohun tó ń jẹrà ló ń yé sí: ewé jíjẹrà tó tutù, èèpo kòkó, ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gé sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kórè. Ibi tó bá gbẹ, ọmọ rẹ̀ kò ní yè.

Ibí yìí ni ìmọ́tótó ti ń pa àgbẹ̀ lára. Oko tí wọ́n gbá tónítóní bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára lójú o, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbá ilé alárinà dànù. Ọ̀rọ̀ èèpo kòkó wá tún le díẹ̀, nítorí àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi a máa sá pamọ́ sínú òkìtì èèpo. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n já gbogbo kòkó tó ti dúdú kúrò, kí wọ́n gbé e jìnnà sí oko tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ewé àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kó jẹrà. Oògùn kòkòrò pẹ̀lú kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Èyí tí wọ́n bá fọ́n láàárọ̀ nígbà tí òdòdó pọ̀, àtẹni tó ń ba kòkó jẹ́ àtẹni tó ń gbé ìyàwó wá fún un ni yóò pa.

Gbogbo ohun ọ̀gbìn kọ́ ló ń wá kòkòrò. Afẹ́fẹ́ ni alárinà àgbàdo: ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ ni akọ, irun tó yọ lẹ́nu àgbàdo ni abo, fọ́nrán irun kan fún hóró kan. Àgbàdo sísun tí ẹ rà lọ́jà Ọba l'Ákùúrẹ́ tó ní àlàfo bí ẹnu arúgbó, irun tí àtíkè kò bà ló fà á. Ẹni tó gbin ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ni yóò rí irú rẹ̀ jù; kó gbìn ín ní ìlà mẹ́rin márùn-ún tó sún mọ́ra.

Ti ọ̀pẹ tilẹ̀ ni ìtàn tó dùn jù. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níbí ni orírun rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e dé Malaysia, alárinà rẹ̀ kò bá a lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti máa fọwọ́ gbé àtíkè láti igi dé igi lọ́dọọdún. Ní 1981 ni wọ́n tó kó kòkòrò kékeré kan wá láti Cameroon, irú èyí tó ń rìn lórí òdòdó ọ̀pẹ tiwa níbí láìsí ẹni tó kà á sí. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní tirẹ̀ kò wá alárinà rárá. Ọmọ ń yọ nídìí ìyá, wọ́n ń yọ ọ́ lọ gbìn síbòmíràn, ó parí. Ó yá, ó sì dájú. Igi ẹ̀gẹ́ tí à ń gé gbìn náà nìyẹn. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọmọ jọ ìyá láìku ibì kan, àrùn tó bá rí ọ̀kan mú yóò rí gbogbo wọn mú. Àwọn tó gba ọ̀nà akọ àti abo bí ní àbùdá baba àti ti ìyá pọ̀, èyí kan lè dúró níbi tí èkejì ti ṣubú.

Ọgbọ́n yìí ni ilé ìwádìí kòkó CRIN n'Íbàdàn lò tí wọ́n fi gbé irú kòkó mẹ́jọ jáde ní 2010, TC1 dé TC8. Wọn á mú igi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìyá, wọn á bo òdòdó rẹ̀ kó tó là kí kantíkantí má baà ráyè wọlé, láàárọ̀ wọn á já akọ lára igi baba, wọn á sì fi ra abo. Ẹni tó bá wá mú kóró láti ara irú igi bẹ́ẹ̀ lóko ara rẹ̀ lọ gbìn, kó má retí pé wọn yóò jọ ìyá wọn. Kò mọ baba wọn.

Bí ìgbéyàwó bá sì yọrí, iṣẹ́ kù. Púpọ̀ nínú kòkó wẹẹrẹ yóò dúdú, wọn yóò gbẹ mọ́ ara igi. Kì í ṣe àrùn nígbà gbogbo, igi ló ń dín ẹnu tó fẹ́ bọ́ kù. Èyí tó bá pọ́n kì í là fúnra rẹ̀. Ó nílò ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀bọ tàbí ọmọdé tí yóò já a, tí yóò mu omi dídùn ara kóró, tí yóò sì tu kóró kíkorò yẹn síbòmíràn. Kóró tútù ló lè hù; èyí tí wọ́n ti sá gbẹ ti kú, àpò ló kù tó ń lọ.

Láti òdòdó dé kòkó pípọ́n tó oṣù 5 sí 6. Èyí tí wọ́n ń fọ́ n'Ílé-Olújì lóṣù Kẹwàá, nígbà òjò oṣù Kẹrin sí Karùn-ún ni kantíkantí kan ti bẹ̀ ẹ́ wò.