Wáípà fún òjò, oòrùn àti ọyẹ́: bí a ṣe ń yàn án, bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Òjò kọ́ ló ń ba wáípà ọkọ̀ jẹ́ nílẹ̀ wa, oòrùn ni. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í mọ̀ pé wáípà àwọn ti kú àfi ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ká wọn mọ́ ojú títì márosẹ̀. Wọ́n á tàn án, á máa gbọ̀n gìrìgìrì lórí gíláàsì, á sì fi omi sílẹ̀ gbọọrọ níbi tí ojú awakọ̀ ń wò gan-an. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni rọ́bà yẹn ti gbó. Láti oṣù kọkànlá ni oòrùn ti ń sè é lórí gíláàsì gbígbóná, tí ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, tí eruku ń kó sí i lábẹ́, kò sì sẹ́ni tó fojú kàn án torí pé òjò kò rọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá wáípà tí yóò bá gbogbo ojú ọjọ́ mu, ẹ̀ẹ̀rùn ni kó kọ́kọ́ rò, kó tó ro òjò.

Nǹkan mẹ́ta ni ohun tí gbogbo wa ń pè ní wáípà. Àkọ́kọ́ ni ọwọ́ rẹ̀, irin tó yọ láti ìsàlẹ̀ gíláàsì, tí sípíríǹgì wà nínú rẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Ìkejì ni bíléèdì, ohun gígùn tó so mọ́ orí ọwọ́ náà. Ìkẹta ni rọ́bà tó wà lábẹ́ bíléèdì. Ọwọ́ kì í sábà bàjẹ́. Bíléèdì àti rọ́bà la máa ń pààrọ̀.

Ẹ gbé wáípà sókè kí ẹ wo rọ́bà náà dáadáa. Ara rẹ̀ nípọn lókè, ó tín-ín-rín ní ọrùn, ó wá parí sí etí kan tó fẹ́lẹ́. Etí fẹ́lẹ́ yìí ló ń ṣiṣẹ́. Kì í dúró gbagidi lórí gíláàsì. Ńṣe ló máa ń dà sẹ́yìn, táá máa wọ́ tẹ̀lé bíléèdì bó ṣe ń lọ. Tí wáípà bá dé òpin tó fẹ́ padà, etí náà á yí, á dà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọrùn tín-ín-rín yẹn ló ń jẹ́ kó lè yí. Tí oòrùn bá ti mú kí rọ́bà le, ọrùn kò ní tẹ̀ mọ́. Etí á dúró sójú kan bó ṣe dà. Tí wáípà bá ń lọ, á nu omi. Tó bá ń bọ̀, á máa fi orí gún gíláàsì, á máa fò. Ìró gìrìgìrì tí ẹ ń gbọ́ nìyẹn.

Ọdún 1903 ni ará Amẹ́ríkà kan, Mary Anderson, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí wáípà, lẹ́yìn tó ti rí bí òjò dídì ṣe ń dí ojú awakọ̀ ọkọ̀ ìgboro ní New York. Rọ́bà lòun náà fi sí etí tirẹ̀, ọwọ́ sì ni awakọ̀ fi ń yí i láti inú ọkọ̀. Iná mànàmáná ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì ni ẹrù iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀ títí dòní.

Irú bíléèdì mẹ́ta lẹ ó bá lọ́jà. Èyí tó ti pẹ́ jù lọ́jà ni onírin. Irin gígùn kan ló gbé àwọn irin kéékèèké mọ́ra, àwọn irin wọ̀nyí sì fi èékánná di rọ́bà mú ní ojú bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ sì lè pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀ nìkan. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí èékánná ti di rọ́bà mú nìkan ni agbára ti ń tẹ̀ ẹ́. Tí oríkèé àwọn irin náà bá ti dógùn-ún, tí eruku ọyẹ́ sì há sí i, kò ní lè tẹ̀ tẹ̀lé ìrísí gíláàsì mọ́: ibì kan á mọ́, ibì kan kò ní kan gíláàsì rárá.

Ìkejì ni fláàtì, èyí tí kò ní irin kankan lóde. Bosch bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú rẹ̀ ní 1999 pẹ̀lú orúkọ Aerotwin, àwọn ilé iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé e. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Tí sípíríǹgì ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, á nà, á sì máa tẹ rọ́bà bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ní ìyẹ́ kan tí atẹ́gùn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn kò ní gbé e kúrò lórí gíláàsì. Kò ní oríkèé tí eruku tàbí yìnyín lè há sí. Ìkẹta da méjèèjì pọ̀: irin wà nínú, ike bò ó lóde. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota àti Honda tó jẹ́ tuntun díẹ̀ ló ń bá a jáde láti ilé iṣẹ́.

Tí ẹ bá bi mí, fláàtì ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń gba títì márosẹ̀ nínú òjò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fláàtì. Èyí tí kò bá tẹ̀ tó kò ní lè bá gíláàsì tó tẹ̀ gan-an mu. Orí méjèèjì á máa ga sókè, omi á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e kalẹ̀ sórí gíláàsì ọkọ̀ yín kí ẹ fi ọwọ́ tẹ àárín rẹ̀. Ó yẹ kí orí àti ìdí rẹ̀ kan gíláàsì pọ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ pé ó dára fún gbogbo ojú ọjọ́ tí wọ́n máa ń kọ sára páálí, ìpolówó ni. Ẹ wo irú bíléèdì àti irú rọ́bà tó wà nínú rẹ̀.

Rọ́bà àdánidá ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọ̀ jù. Ó máa ń nu omi dáadáa nígbà tó bá wà ní tuntun, àmọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ máa ń tètè sán an. Wọ́n sábà máa ń fi gíráfáìtì dúdú kun etí rẹ̀ kó lè yọ̀ lórí gíláàsì, òun ló ń kun ìka yín ní dúdú tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ẹ má ha á dànù. Èkejì ni sílíkóònù. Ó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì ń fara da ooru àti oòrùn fún ìgbà pípẹ́. Fún ọkọ̀ tó ń sun ìta gbangba, tó tún ń dúró sínú oòrùn látàárọ̀ dalẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, sílíkóònù tó owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn gíláàsì tó lọ́ràá: á máa gbọ̀n.

Tí ẹ bá dé ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi-Gate, n'Ìbàdàn, ohun tí ọlọ́jà máa kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ wo ni?" Tí ẹ bá ní Corolla ni, ó ṣì máa béèrè ọdún rẹ̀, torí pé gígùn wáípà máa ń yàtọ̀ bí ìrísí ọkọ̀ bá ṣe yí padà. Ìdáhùn tó dára jù ni iye ínṣì. Ẹ fi téèpù wọn rọ́bà ti àtijọ́ láti orí dé ìdí, kí ẹ wọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí ti awakọ̀ sábà máa ń gùn ju ti èrò lọ. Láti ínṣì 14 sí 28 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ilé ń lò. Tó bá jẹ́ mìlímítà ló wà lára rẹ̀, 400 sún mọ́ ínṣì 16, 550 sún mọ́ 22, 600 sún mọ́ 24, 650 sún mọ́ 26. Ẹ má ra èyí tó gùn ju ti àtijọ́ lọ: á máa gbá èkejì, tàbí kó máa gun etí gíláàsì. Èyí tó fi ínṣì kan péré kúrú ṣì ṣe é lò.

Lẹ́yìn gígùn, ẹnu ló kù. Orí ọwọ́ wáípà tó wọ́pọ̀ jù dà bí ìkọ́. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 9, nínípọn irin rẹ̀ sì lè jẹ́ 3 tàbí 4. Àwọn ọkọ̀ mìíràn, pàápàá ti ilẹ̀ Yúróòpù, kò ní ìkọ́: bọ́tìnì ni wọ́n ń tẹ̀, tàbí kí wọ́n fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ kó tó tú. Ike kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí, tí ọ̀pọ̀ ń sọ nù, òun ló ń mú kí bíléèdì kan wọ ẹnu oríṣiríṣi. Ẹ yan èyí tó bá ti yín mu lójú ọlọ́jà, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Èmi ò gba èèyàn nímọ̀ràn láti ra wáípà lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, bí kò bá jẹ́ pé òjò ti ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Èèyàn wọn kò burú. Ṣùgbọ́n oòrùn tó ń pa wáípà lórí ọkọ̀, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé e kiri látàárọ̀, láìsí páálí. Bákan náà, tí mọ̀lẹ́bí bá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti London, ẹ sọ ínṣì fún un, ẹ má sọ orúkọ ọkọ̀ nìkan. Apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí lọ́hùn-ún, apá òsì ni tiwa láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yí apá títì tí ọkọ̀ ń gbà padà ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, àwọn fláàtì kan sì wà tí wọ́n ṣe ìyẹ́ wọn fún apá kan ṣoṣo.

Kò yẹ kí fífi í sí ọkọ̀ gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ wáípà dìde títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń sùn sí, bíi ti ọ̀pọ̀ BMW àti Mercedes, ẹ má fi agbára fà á; irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tó ń gbà gbé wáípà wá sáàárín gíláàsì fún pípààrọ̀, ìwé ọkọ̀ náà á sọ ọ́. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ká táwẹ̀lì kan sórí gíláàsì lábẹ́ ọwọ́ náà. Ẹ má fojú kéré èyí. Tí bíléèdì bá ti kúrò, irin lásán ló kù lórí sípíríǹgì, tó bá sì já wálẹ̀, ó lè fọ́ gíláàsì, owó gíláàsì sì ju ti wáípà lọ fíìfíì.

Fún onííkọ́, ẹ yí bíléèdì kó dábùú ọwọ́. Ẹ ó rí ike kékeré kan láàárín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ti bíléèdì sísàlẹ̀, sápá ìdí ọwọ́. Ó máa bọ́ kúrò nínú ìkọ́, ẹ wá fà á jáde. Ti tuntun, òdìkejì èyí ni: ẹ ki ìkọ́ bọ inú rẹ̀, kí ẹ fà á sókè títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́ọ́". Tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, kò tíì wọlé, ó sì lè fò dànù lójú ọ̀nà nínú òjò. Ẹ fi ọwọ́ fà á wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yọ ike tí wọ́n fi bo etí rọ́bà, torí pé ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ rọra dá ọwọ́ padà.

Ẹ má tíì tàn án. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gíláàsì dáadáa, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ nù ún. Ọ̀rá èéfín títì àti wáàsì tí àwọn tó ń fọ ọkọ̀ máa ń lò ń lẹ̀ mọ́ ọn, wáípà tuntun á sì máa fà á kiri bíi kùrukùru. Ẹ da omi sí i, kí ẹ wá tàn án.

Tó bá ń gbọ̀n nígbà tó ń lọ nìkan, tàbí nígbà tó ń bọ̀ nìkan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ wáípà ti wọ́, rọ́bà kò dúró ṣánṣán lórí gíláàsì. Mẹkáníìkì lè tẹ̀ ẹ́ padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá ń gbọ̀n lálọ lábọ̀, ọ̀rá ni, tàbí rọ́bà tó ti le. Ilà tín-ín-rín kan ṣoṣo túmọ̀ sí pé ìdọ̀tí há sí etí rọ́bà, tàbí kó ti ya níbẹ̀. Tí wáípà kò bá tiẹ̀ mira rárá, ẹ wo fiúùsì kí ẹ tó pe riwáyà.

Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ má tan wáípà sórí eruku gbígbẹ láé. Iyanrìn wà nínú eruku yẹn, ó ń ya gíláàsì, ilà rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Alẹ́ ni ẹ ó rí i, nígbà tí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bá kọlù ú. Omi ni kó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹ máa fi aṣọ tútù nu etí rọ́bà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí bẹntiróò nù ún, torí pé wọ́n ń mú kí rọ́bà wú kó sì bàjẹ́. Ní ti àkókò tó yẹ láti pààrọ̀ rẹ̀, ìparí oṣù kejì ló dára jù, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ará wa ní Chicago tàbí London, yìnyín ni ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní Britain, wáípà tí kò nu gíláàsì dáadáa lè mú kí ọkọ̀ kùnà ìdánwò MOT, àyẹ̀wò tí ìjọba ń béèrè fún ọkọ̀. Ẹ má fi wáípà ha yìnyín, ẹ má sì da omi gbígbóná sórí gíláàsì tó ti dì, torí pé ó lè sán. Ike ìhayìnyín ni kí ẹ lò, kí ẹ sì fi omi tí kì í dì sínú agbè wáípà. Tí òjò dídì bá rọ̀ mọ́jú, ẹ fi ọwọ́ gbé wáípà kúrò lára gíláàsì kí ẹ tó tan ọkọ̀. Tó bá ti dì mọ́ ọn, tí ẹ sì tàn án bẹ́ẹ̀, fiúùsì lè jó, tàbí kí etí rọ́bà ya kúrò, kó ṣẹ́ kù sórí yìnyín.