Ta Ló Ń Sáré: Charlie Chaplin Àbí Ẹ̀rọ?

Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí fíìmù ayé àtijọ́ ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn: kálukú ń rìn bí ẹni tí èèrà ń jẹ lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní kámẹ́rà ìgbà náà ni kò tíì mọ iṣẹ́. Irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú Shanghaied, àwàdà gbá-mi-n-gbá-ọ tí Charlie Chaplin ṣe lọ́dún 1915. Ìfẹ́ ọmọbìnrin ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi kan kó sí Charlie lórí, bẹ́ẹ̀ bàbá ọmọ kò fẹ́ rí i sójú. Bàbá yìí ti bá ọ̀gá ọkọ̀ dìmọ̀ láti ri ọkọ̀ náà, kó lè rówó adójútòfò gbà. Iṣẹ́ Charlie? Kó máa fi òòlù igi lu èèyàn lórí, kí wọ́n lè kó wọn sọ́kọ̀ ṣe atukọ̀. Nígbà tó yá, ó kan orí tiẹ̀ náà.

Lásìkò yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà. Bí ẹni tó ń ya fíìmù bá yí irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán 16 ló wọlé. Ìgbà tí ohùn wá wọ fíìmù, ní apá ìparí àwọn ọdún 1920, ni wọ́n so iye náà mọ́ 24, torí pé bí eré ẹ̀rọ bá ń yí padà, ohùn á dàrú. Ẹ wá gbé fíìmù tí wọ́n yà ní 16 sórí ẹ̀rọ tó ń sá 24: ohun tó gba ìṣẹ́jú kan níwájú kámẹ́rà á parí ní ìṣẹ́jú àáyá 40. Róòlù ẹsẹ̀ bàtà 1,000, tó yẹ kó lé ní ìṣẹ́jú 16, á tán ní nǹkan bí 11.

Àmọ́ o, àwọn aláwàdà náà mọ̀ọ́mọ̀ fi kún un. Bí wọ́n bá fẹ́ léra wọn kiri, wọ́n á ní kí ẹni tó ń yí kámẹ́rà dẹwọ́, kí eré lè le nígbà tí wọ́n bá ń wò ó. Àwọn tó ń gbé fíìmù ní ilé sinimá pàápàá sábà máa ń yí i kíá ju bí wọ́n ṣe yà á lọ.

Lójú tèmi, ìfẹ́ ló ń jìyà ẹ̀ jù. Ìjà lè yára kó ṣì pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń wo ọmọge tìtìjú-tìtìjú nílò àsìkò. Ní 24, kò tíì wò ó tán tó fi yíjú.

Bẹ́ẹ bá rí irú fíìmù yìí lórí YouTube, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbì òkun, èéfín àti etí aṣọ níbi tí kò sí ìjà, torí wọn kì í ṣeré. Bí wọ́n bá ń kánjú, ẹ dín ìyára fíìmù náà kù sí 0.75; 24 á di 18. Bí wọ́n bá ń lọ bó ṣe yẹ, ẹni tó tún fíìmù náà ṣe ti bá yín dín in kù nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án.