Ohun tó wà láàárín mẹ́fà

Bí iyán ìnáwó bá pọ̀ ní Òmù-Àrán, obìnrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin á yí odó kan ká. Kò sí èyí tó di ẹnì kejì rẹ̀ mú nínú wọn. Inú odó ni gbogbo ọmọ odó ń lọ, odó ló kó wọn jọ. Báyìí ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlọrin bí àwọn mẹ́tàlì kan ṣe ń ṣù jọ.

Ẹ mú scandium, ọ̀kan nínú mẹ́tàlì 17 tí wọ́n ń pè ní rare earth. Átọ́mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù mẹ́ta péré láti fi sílẹ̀, ìyẹn hóró kíkínkín tí àwọn átọ́mù fi ń so mọ́ra. Ẹ jẹ́ ká kà á bí ẹni ka owó. Scandium méje, mẹ́ta-mẹ́ta, 21. Iodine 12, irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ wa, gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku 9. Scandium kan ti san tirẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mẹ́fà tó kù ló yẹ kó ṣù jọ, ṣùgbọ́n 9 kò ká wọn. Cobalt kan, tí òun náà jẹ́ mẹ́tàlì, wá bọ́ sáàárín wọn bí odó pẹ̀lú 9 tirẹ̀, ó di 18. Àyè ìsopọ̀ kún gẹ́lẹ́, wọ́n sì dúró.

Mẹ́tàlì thorium kì í ṣe ìdílé kan náà pẹ̀lú scandium. Òun àti uranium ló jọ wà. Síbẹ̀, ẹ wò ó: mẹ́fà, mẹ́rin-mẹ́rin, 24. Bromine 15, ìbátan iodine, gba 15, ó ku 9. Cobalt dé, 18! Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìṣirò yìí, inú mi ṣì ń dùn sí i. Bó bá jẹ́ irin ló wà láàárín, 8 ló mú wá, 17 ni. Ṣùṣù náà ò tú, àmọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan á ṣẹ́ kù tí kò ní ẹnì kejì, irú èyí tí máńgéètì máa ń fà.

Inú yanrìn monazite ni a ti sábà máa ń rí thorium àti rare earth pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wa kùsà, ẹ má kó o sínú yàrá tẹ́ ẹ ń sùn. Thorium ń tú ìtànṣán.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà láàárín. Nígbà tí John Corbett, onímọ̀ kẹ́mísìrì, àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ames, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ rí irú ṣùṣù scandium yìí, tó jẹ́ chlorine ló yí i ká, wọ́n rò pé àárín rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n rí i pé ìdọ̀tí kíún, bíi nitrogen tàbí carbon, ló yọ́ wọlé, tó jókòó síbi odó. Àwọn ọdún 1980 ni wọ́n wá ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun tó wù wọ́n síbẹ̀, títí kan cobalt.

Nítorí ìdọ̀tí yìí ni wọ́n ṣe ń kó èròjà sínú ọ̀pá tantalum, mẹ́tàlì tí òkúta rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ Kwara wa níbí. Wọ́n á jó ẹnu ọ̀pá náà pọ̀ bí iṣẹ́ wẹ́dà, wọ́n á sì fi sínú iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá jáde tán, inú àpótí tí kò ní afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń ṣí i. Ẹ ṣí i síta ní Ìlọrin lásìkò òjò, ọ̀rinrin á bà á jẹ́ kẹ́ ẹ tó wò ó tán.