Ìṣẹ́jú Márùn-ún Àràárọ̀ Sátidé

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Sùúrùlérè tó ní pàwá báìkì mẹ́rin: Honda FireBlade ti 1992, Suzuki GSX-R750 kan, Yamaha R1 ti 1998, àti Ducati 916 pupa tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ aráyé fọwọ́ kàn. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, wọ́n á ṣí gáréèjì, wọ́n á sítáàtì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ àdúgbò á ti tò sẹ́nu géètì. Ìṣẹ́jú márùn-ún fún FireBlade, márùn-ún fún Suzuki, márùn-ún fún R1. Ducati ló máa ń gbẹ̀yìn, nítorí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí ọ́ìlì máa ń dún wọ̀ràwọ̀rà bí ṣaworo lẹ́tí ìyáàlù, òun ni àwọn ọmọ ń dúró dè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ bò wọ́n, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní, “Mò ń wọ́ọ̀mù wọn ni. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí.”

Mi ò kí í bá ẹ̀gbọ́n mi jiyàn níta gbangba. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mẹkáníìkì, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò gun ọ̀kadà rí láyé rẹ̀, ó sì ti ń sú mi. Pé báìkì tí a gbé kalẹ̀ lásán máa ń bàjẹ́, ta ni kò mọ̀? Táyà á gbó, bíréèkì á há, epo á sùn nínú kàbúrétọ̀ títí á fi lẹ̀ bí oje igi. A ò jà lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń bèèrè ni bóyá wíwọ́ọ̀mù ni oògùn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń há ni omi. Bí mo bá ti sọ pé wíwọ́ọ̀mù yẹn ló ń kó omi sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n á wò mí bí ẹni tó mu ẹmu yó lọ́sàn-án gangan. Omi wo? Ta ló da omi sí i?

Kò sẹ́ni tó dà á. Inú epo bẹntiróò fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Háídírójìn wà nínú epo, ọ́síjìn wà nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú. Bí iná bá ti ràn án, àwọn méjèèjì á so pọ̀, omi ni wọ́n sì ń dà. Kì í ṣe ìwọ̀nba díẹ̀ o. Líta epo kan tó bá jóná tán á mú omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé líta kan jáde. Bí gbogbo ibi bá ti gbóná, omi yẹn á bá èéfín lọ bí ooru, ojú ò ní rí i. Bí irin bá ṣì tutù, ooru náà á di omi padà lára irin, bí ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ ṣe máa ń làágùn. Ẹ lọ wo ìdí sàlẹ́ńsà mọ́tò yín ní kùtù òwúrọ̀, ẹ ó rí i tí omi ń kán tó, tó, tó. Àwọn awakọ̀ mìíràn á ti máa pariwo pé gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdí pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí omi rédíétọ̀ jò wọ ibi tí epo ti ń jó, ti lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì ò lọ síbì kankan.

Èyí tó ń kán sílẹ̀ yẹn tiẹ̀ ṣàánú wa. Èyí tó dúró sínú sàlẹ́ńsà ń dípẹtà níbẹ̀. Díẹ̀ nínú èéfín sì máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì kọjá, á bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Omi ti bá ọ́ìlì pàdé nìyẹn. Bí ẹ bá gun báìkì náà jáde, ká ní ẹ gùn ún dé Ẹ̀pẹ́ kẹ́ ẹ tó yí padà, ọ́ìlì á gbóná débi tí omi yẹn á fi gbẹ, á sì gba ọ̀nà tí wọ́n ṣe fún èéfín jáde. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójú kan kò lè ṣe é. Ó tó láti ṣe omi, kò tó láti lé e.

“Ṣùgbọ́n géèjì ti fi 80 hàn!” Wọ́n máa ń sọ èyí bíi pé ẹjọ́ ti parí. Omi rédíétọ̀ ni géèjì yẹn ń wọ̀n. Kò mọ nǹkan kan nípa ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì máa ń pẹ́ ju omi lọ kó tó gbóná.

Lọ́jọ́ kan, mo bẹ ẹ̀gbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n ṣí ìdérí ọ́ìlì FireBlade wò. Mo fi ìka nu abẹ́ rẹ̀. Nǹkan funfun tó pọ́n díẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, ó ki bí ògì tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Mo na ìka sí wọn. Ẹ̀gbọ́n wo ìka, wọ́n wo ojú mi.

“Gírísì ni.”

Gírísì. Lábẹ́ ìdérí ọ́ìlì. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Omi tó pò mọ́ ọ́ìlì ni. Kí n má parọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún lè wá láti ara gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó lóòótọ́. Bí omi rédíétọ̀ yín bá ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi tanra yín jẹ, ẹ pe mẹkáníìkì. Ti ẹ̀gbọ́n ò dín kù. A pàrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n gùn ún jáde lẹ́ẹ̀mẹta, ògì náà ò sì padà wá, títí wọ́n fi padà sídìí Sátidé wọn.

Ti bátìrì kò gba àríyànjiyàn. Sítátà ń mu iná gidi lára bátìrì, ẹ́ńjìnnì tó sì ń rọra dún lójú kan kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, pàápàá bí iná iwájú bá ń tàn. Bátìrì tó kún dáadáa, tó sì ti sinmi, máa ń wà ní nǹkan bíi fóltì 12.6 sókè. Bó bá ti wọlẹ̀ ju 12.4 lọ, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Ṣájà kékeré tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí bátìrì bá ti kún ló yẹ ẹni tó ní báìkì mẹ́rin. Bí iná ìjọba ò bá sí, ẹ tú ojú nẹ́gétíìfù sílẹ̀. Ìyẹn ò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Mo ti ka ìwé ìlànà tó ń bá irú báìkì wọ̀nyí wá mélòó kan, ibi tí wọ́n ti ń sọ nípa gbígbé e pamọ́. Ẹ kún tánkì kí inú rẹ̀ má dípẹtà. Ẹ tú epo inú abọ́ kàbúrétọ̀ dànù. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sí ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ bátìrì. Mi ò tíì rí èyí tó ní kí n máa jí i láràárọ̀ Sátidé. Ní Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama, ilé àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Barber, báìkì tó wà níbẹ̀ lé ní 1,600. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe bíi ti ẹ̀gbọ́n mi, ìṣẹ́jú 8,000 nìyẹn lọ́sẹ̀, wákàtí tó lé ní 133. Wákàtí 168 péré ló sì wà nínú ọ̀sẹ̀. Bóyá wọn kì í sùn.

Ṣé mo wá ń sọ pé wíwọ́ọ̀mù ń pa báìkì? Mi ò tíì dé ibẹ̀. Ooru Èkó kì í ṣe òtútù oṣù kìíní ní Manchester. Ẹ́ńjìnnì tètè ń gbóná níbí, omi tó ń gbára jọ lára irin kò sì ní pọ̀ tó ti ọ̀hún. FireBlade àti R1 yẹn, kàbúrétọ̀ ni wọ́n ń lò, ihò tó wà nínú rẹ̀ mìíràn kò tó ihò abẹ́rẹ́. Bí epo tuntun bá ń gba ibẹ̀ kọjá, ó sàn ju kí epo àtijọ́ gbẹ síbẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn sì ti ń wọ́ọ̀mù láti ọdún gbọọrọ, tí nǹkan kan ò ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó ń gùn ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń fi ọpẹ́ fún Sátidé. N ò lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ọmọ ìyá ìgbàgbọ́ yìí náà ni ti àwọn tó ń fi “kò tíì rin máìlì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta” ta tòkunbọ̀. Mo ti sanwó ìyẹn rí. GSX-R tòkunbọ̀ kan báyìí, máìlì kékeré, ara rẹ̀ ń dán bí ẹyin ojú. Ojúlé àkọ́kọ́ tí a dúró sí ni ilé fọkanáísà. Òun ló fi nọ́ńbà mẹ́rin hàn mí lára táyà: 0911, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2011. Táyà náà ò tíì jẹ rárá, àmọ́ ó ti le bí pákó. Kí ẹ tó wo máìlì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ka nọ́ńbà yẹn.

Àti pé ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń ti gáréèjì pa nítorí olè kí wọ́n tó wọ́ọ̀mù báìkì sínú rẹ̀: èéfín tó ń pa ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ wọ pálọ̀ náà ló ń ti ìdí sàlẹ́ńsà yẹn jáde. Carbon monoxide tó wà nínú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Orí lè kọ́kọ́ máa fọ́ yín, kí òòyì máa kọ́ yín. Bí ẹ ó bá wọ́ọ̀mù dandan, ẹ tì í síta gbangba. Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kò tó.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n lórí fóònù ní Sátidé tó kọjá. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní, “O ṣeun, àbúrò, òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀.” Mo ń gbọ́ Ducati lẹ́yìn wọn, wọ̀ràwọ̀rà, wọ̀ràwọ̀rà. Ó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n pa á.