Bí ẹnu ará ìlú ṣe ń ti ọba nínú Ọba Kò So

Ọdún 1963 ni Dúró Ládiípọ̀ gbé eré Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo, ní Mbárí Mbáyọ̀, gbọ̀ngàn àṣà tí wọ́n ṣí ní 1962. Ìró bàtá àti ìbínú Ṣàngó, ọba Ọ̀yọ́, ni ọ̀pọ̀ fi ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ará ìlú gan-an ló ń ti ìtàn náà síwájú.

Oríkì ni wọ́n fi ń so ọba mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń kì lójoojúmọ́ bí ẹni tí ẹ̀rù kì í bà kò lè yíjú sí àwọn tó ń kì í pé apá òun kò ká ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí ìlú wá figbe ta pé ogun Tìmì àti Gbọ̀nká, àwọn jagunjagun ọba, ti pọ̀ jù, Ṣàngó há. Bó bá dákẹ́, wọn á ní ọ̀lẹ ni. Bó bá sì fọwọ́ líle mú àwọn akọni méjèèjì, wọ́n lè kọjú ìjà sí i. Ó bá dọ́gbọ́n rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. (Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo, Tìmì sì ni wọ́n ń pe ọba ibẹ̀ títí dòní. Kò sí òǹwòran Òṣogbo tí wọ́n ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún.)

Òkìkí Tìmì kàn níbẹ̀. Gbọ̀nká lọ mú un wá, wọ́n jà lójú gbogbo Ọ̀yọ́, Gbọ̀nká sì bẹ́ ẹ lórí. Iyì Tìmì kò bá a wọlẹ̀ o. Ọ̀dọ̀ Gbọ̀nká ló kọjá sí. Ìlú ti wá rí ẹni tí ọba kò lè mú. Ṣàngó fìbínú pa nínú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn tó kù tú ká, Ọya náà lọ, ọba sì pokùn so.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ti Ṣàngó kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bó ti kú tán ni ẹ̀sín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: àwọn ọ̀tá ń pariwo kiri pé ọba so. Àwọn olóòótọ́ rẹ̀ kò bá wọn jiyàn, wọn kò sì wá ẹlẹ́rìí. Àrá ni wọ́n fi dáhùn. Nígbà tó sán, ẹnu tó ń sọ pé ọba so náà ló yí i sí “Ọba kò so.”